Eré orin wa: ọ̀rọ̀ “aya” ti bọ́ sípò

A ṣẹ̀ṣẹ̀ túká níbi ìdánrawò eré wa ni o. A ti gbogbo fèrèsé pálọ̀ pa ní Sùúrùlérè, òógùn bò wá, ṣùgbọ́n orin Ìyá Àgbà, ẹni tí Ànti ń ṣe nínú eré náà, ti bọ́ sípò! Ẹ rántí pé New York ló wà lọ́dún 1969, nígbà tí àwọn ènìyàn kọjú ìjà sí ọlọ́pàá ní Stonewall, ilé ọtí àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, kó tó padà sílé.

Ìran kejì ti parí. Mo ti rán aṣọ mẹ́rin, ẹsẹ̀ 6 ní gígùn, ẹsẹ̀ 3 ní fífẹ̀, bíi ti aṣọ ìrántí àwọn tí àrùn Éèdì pa, èyí tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ní Washington lọ́dún 1987. Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ni mo ti ra àdìrẹ rẹ̀. Ẹ ṣáà fi omi tútù ṣan án títí omi á fi mọ́ kí ẹ tó gé e. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà ṣí àró sára gínì funfun.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá wa dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. “Aya mi dà?” ni ìran kẹta fi bẹ̀rẹ̀. Orin tí mo fi sí “aya mi” ń gòkè: dò dò re. Ó dùn gan-an, àmọ́ bí Ànti ṣe kọ ọ́ báyìí, ọmọ tó ń ṣe ọmọ-ọmọ bi wọ́n pé, “Ànti, kí ló ń ṣe yín láyà?” Àyà ló gbọ́.

Bọ̀dá onílù ní ká fi “ọ̀rẹ́” rọ́pò rẹ̀. Ó ní ìdí: òfin tí Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí ìgbéyàwó obìnrin sí obìnrin. Mi ò gbà. Ọdún 40 ni Ìyá Àgbà fi pe olólùfẹ́ rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ níwájú ẹbí, títí dé ẹ̀gbẹ́ pósí. Bí kò bá lè pè é ní aya lórí ìtàgé, ibo ni yóò ti pè é?

Lálẹ́ yìí mo pa dùùrù tì. Mo ní kí Bọ̀dá fi gángan sọ ọ́ bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́: re re re, dò. Ohùn mẹ́ta dọ́gba, ìkẹrin wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn nìkan ni gángan ń sọ, ìlà kúkúrú bẹ́ẹ̀ sì lè jẹ́ ohunkóhun. A wá fà á gùn: “Aya mi dà, tí mo fẹ́ nígbà èwe?” Bọ̀dá fi apá fún ọṣán, ó lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, Ànti dijú, wọ́n sì gbà á lẹ́nu ìlù.

Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé kí gbogbo òṣèré jọ kọ ọ́. Bí mo ṣe ń kọ eléyìí ni mo rí i pé kò yẹ. Gángan ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú òkùnkùn, ọmọ-ọmọ á gbè é, kó tó kan Ìyá Àgbà. Mo ní láti tún ìparí ìran kejì ṣe nìyẹn, ká rán aṣọ karùn-ún, kí orúkọ aya náà wà lára rẹ̀. Àdìrẹ tó ṣẹ́kù kò tó ẹsẹ̀ 6. Ìtòkú ni mo ń lọ ní Sátidé.