Ẹ Má Kan Ọ̀gán Ní Dígà: Ẹ̀kọ́ Tí Iṣẹ́ Olú Kọ́ Mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú iṣẹ́ olú, mo wo fídíò tí ẹ fi ránṣẹ́. Mo rí ọ̀gán tí wọ́n là sí méjì, mo rí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kó inú rẹ̀ sí, mo sì gbọ́ ohùn ẹni tó ń sọ pé owó ti dé. Inú bí mi. Ohun tí ojú mi ti rí rí lẹ tún fẹ́ fojú ara yín rí.

Àkọ́kọ́, olú inú ọ̀gán kì í ṣe ẹgbẹ́ olú tí à ń gbìn sínú ọ̀rá. Olú oyster tí à ń gbìn ò le: ẹ po èérí ọkà mọ́ ìyẹ̀fun pákó, ẹ sè é, ẹ fi irúgbìn olú sí i tó bá tutù, á hù. Olú ọ̀gán, tí Roger Heim, onímọ̀ olú ará Faransé, sọ ní Termitomyces ní 1942, ikán ló ń dá oko rẹ̀. Ikán á jẹ igi òkú àti ewé gbígbẹ, á jẹ kóró funfun tí olú náà ń so mọ́ ọn, á wá yàgbẹ́ rẹ̀ sórí afárá, ìyẹn ohun tó fi ìgbẹ́ náà mọ nínú ilé rẹ̀. Ibẹ̀ ni olú ti ń ta òwú, ìyẹn fọ́nrán funfun tó jẹ́ ara rẹ̀. Òun ló ń bá ikán tú ohun líle inú igi, bí afárá bá sì gbó, ikán á padà jẹ ẹ́. Inú igbó Áfíríkà ni àjọṣe yìí ti bẹ̀rẹ̀, ó ti tó nǹkan bí 30 mílíọ̀nù ọdún.

Ìkejì, ẹ máa wo ẹsẹ̀ olú kí ẹ tó fà á. Èyí tó ní gbòǹgbò gígùn, orí afárá ni gbòǹgbò náà ti wá. Termitomyces microcarpus kékeré tó máa ń hù yamùrá ò ní irú gbòǹgbò bẹ́ẹ̀, torí ikán ló ń kó ẹ̀rún afárá jáde wá sórí ilẹ̀.

Ìkẹta ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Oko olú kan lẹ́bàá Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ọ̀gá wa rí iye tí wọ́n ń ta olú ọ̀gán lẹ́bàá títì nígbà òjò, ó ní àwa náà á máa mú un jáde yípo ọdún. Mo ṣàlàyé fún un pé nínú àwo yàrá àyẹ̀wò, òwú lásán ló máa ń ta, díẹ̀díẹ̀. Mo ní èyí tí wọ́n ń gbìn ní Ṣáínà tí wọ́n ń fi orúkọ olú ọ̀gán tà, olú mìíràn tó ń jẹ́ Oudemansiella raphanipes ni, wọn ò bára tan. Ó ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun lówò.

Ló bá gba lébìrà. Wọ́n fi dígà ya ọ̀gán ńlá kan tó wà lẹ́yìn oko, títí kan yàrá ayaba. Mo gbé afárá kan lọ́wọ́: ó rí háráhárá bíi kànìnkànìn, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kóró funfun wẹ́wẹ́ sì kún ojú rẹ̀. Wọ́n tò wọ́n sínú ṣẹ́ẹ̀dì, à ń wọ́n omi sí wọn. Láìpẹ́ funfun bò ó, ọ̀gá ń ya fọ́tò kiri. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára rẹ̀, ó ń dúdú lọ. Pseudoxylaria nìyẹn, olú mìíràn tó dà bí èpò nínú oko ikán. Inú afárá ló ti wà látilẹ̀. Ikán ni ò jẹ́ kó gbérí. Nígbà tí ikán ò sí mọ́, ó gba gbogbo rẹ̀. A kó o dànù.

Nínú ìwé tí ọ̀gá kọ sí àwọn tó yá a lówó, ó ní ìdọ̀tí ọwọ́ àwa òṣìṣẹ́ ló bà á jẹ́. Títí dòní kò kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ, ó sì ń dúró níwájú èèyàn tó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ olú.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìyá tó máa ń ká olú níbẹ̀, bí ìyá tirẹ̀ náà ti ṣe. Nígbà tí òjò tún dé, ó wá sí géètì wa pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ òfìfo. "Ẹ̀yin alákọ̀wé, ta ló ní kẹ́ ẹ hú ilé olú?" Ọ̀gá ò sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Èmi ni mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá.

Ìyá yẹn ló kọ́ mi níṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Ó ní àwọn kì í ká èyí tó bá ti ṣí agbòòrùn tán, àwọn máa ń fi í sílẹ̀ fún ilẹ̀. Òótọ́ ni. Nínú ẹ̀yà ikán tó ń jẹ́ Macrotermes bellicosus, ọba ikán ló ń gbé olú dání lọ sí ilé tuntun; àmọ́ lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ikán tó ń dáko olú, ọwọ́ òfo ni ọba àti ayaba tuntun fi ń kúrò nílé. Àwọn ọmọ wọn àkọ́kọ́ ló máa wá irúgbìn náà rí níta, èyí tí olú tó ṣí ti fọ́n sílẹ̀. Bí a bá ká gbogbo rẹ̀ kó tó ṣí, kí ni wọ́n fẹ́ rí?

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi olú yìí ṣòwò, kó lọ bá àwọn tó ń ká a, kó rà á lówó gidi, kó sá a dáadáa, kó dì í dáadáa. Iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ta irúgbìn olú ọ̀gán inú ike fún yín, ẹ gbowó yín padà. Bí ọ̀gá kan bá sì ní kí ẹ gbé dígà, ẹ ní kó kọ́kọ́ wá rí mi.