Sátidé: fáìlì méjì, nọ́ńbà kan

Ọjà forex ti tì lónìí, torí náà tester MetaTrader 5, ibi tá a ti ń fi iye owó àtẹ̀yìnwá dán ètò ìṣòwò wò, ni mo jókòó tì látàárọ̀. Àbúrò mi kan tá a jọ ń kọ EA (ètò tó ń rà tó ń tà fúnra ẹ̀) bá fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́: "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, mo fi GlobalVariableSet nínú script (ètò kékeré tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan) gbé risk sí 0.5 sínú global variable, mo tẹ F3 láti wò ó, mo rí i kedere, àmọ́ tí mo bá ti ṣe backtest nínú tester, EA ò ra, kò tà." Ó ti ń bú kọ̀ǹpútà ẹ̀.

Mo ní kó lọ wo Journal, ibi tí tester ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí. "Invalid volume", ìyẹn ni pé iye tó fẹ́ rà ò tọ́, ló kún ibẹ̀ bámúbámú. Ṣẹ́ ẹ rí i, GlobalVariableSet tó lò yẹn, terminal, ìyẹn MetaTrader fúnra ẹ̀, ló ń bá èèyàn tọ́jú nọ́ńbà tó o bá fi síbẹ̀, gbogbo script àti EA tó wà lórí ṣáàtì ló lè kà á, tó o bá pa terminal tó o tún tan án ó ṣì máa wà níbẹ̀, àfi tẹ́nikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án fún ọ̀sẹ̀ 4. Àmọ́ tester ní global variable tiẹ̀ lọ́tọ̀, tìta ò wọlé, tinú ò jáde. GlobalVariableGet tá a fi ń kà á ò sì ní pariwo tí ò bá rí nǹkan, 0 ló máa gbé fún ẹ, o wá fi 0 ṣírò lot (iye tó máa rà), kí lo fẹ́ kó rà?

Ló bá ní òun á fi nọ́ńbà náà sínú .mqh (fáìlì kóòdù tí ètò púpọ̀ lè jọ lò) kí òun sì #include ẹ̀ sínú EA àti indicator, ètò tó ń ya àmì sórí ṣáàtì. Ìyẹn náà ò burú, àmọ́ ọ̀nà ìsebẹ̀ ni #include ń pín, kò pín ìkòkò. Tí EA bá sọ 0.5 di 0.3 níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, indicator ò gbọ́ nǹkan kan. Tó o bá sì yí .mqh tó ò tún EA compile (sọ kóòdù ẹ̀ di ètò tó ń ṣiṣẹ́), ti àná ló ṣì ń lò.

Èmi o, ohunkóhun tó bá lè yí èrè padà, input, ìyẹn nọ́ńbà téèyàn ń yàn kí EA tó bẹ̀rẹ̀, ni mo máa ń fi ṣe. Input nìkan ni optimisation (dídán oríṣiríṣi nọ́ńbà wò nínú tester) lè yí wò, òun náà ni report máa ń kọ síta, tí mo bá ṣí report ọ̀hún lọ́dún tó ń bọ̀ màá mọ ohun tí mo lò. Tí indicator bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kí EA fi iCustom, function tó fi ń pe indicator, gbé e fún un. Backtest tí nọ́ńbà ẹ̀ fara pamọ́ síbòmíì, mi ò lè fowó mi tẹ̀ lé e láé.

Ó ní òun ti gbọ́, àmọ́ ṣé òun lè fi orúkọ pair (owó méjì tá à ń tà, bíi EURUSD) sínú global variable ṣá? Mo ní rárá, double, ìyẹn nọ́ńbà, nìkan ló ń gbà.