Yíya Máàpù Òṣogbo Pẹ̀lú Àwọn Tí A Kò Rí Rí: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Láti Oṣù Èbìbí Dé Oṣù Ògún

Oṣù Èbìbí

Iṣẹ́ àṣenọ́jú tí mo ń kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ yìí ni yíya máàpù apá kan ìlú Òṣogbo sínú OpenStreetMap, ìyẹn máàpù ọ̀fẹ́ tí Steve Coast dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2004, tí ẹnikẹ́ni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ sì lè fi ilé, ọ̀nà, odò tàbí ọjà kún. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ tó yan iṣẹ́ yìí fún mi, kò sì sí máàkì kankan tí n ó gbà lórí rẹ̀. Ohun tó fà á ni pé àwọn títì ńlá ìlú wa, láti Ọláìyá dé Òkè-Fìà àti Ògo-Olúwa, hàn dáadáa nínú máàpù náà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn ọ̀nà tó jáde lọ sí Ìkìrun, Ìwó àti Gbọ̀ngán, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀nà kéékèèké tó wà láàárín àwọn agboolé nítòsí ààfin Àtàója ni kò ní orúkọ, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ rárá.

Mẹ́rin ni wá lẹ́nu iṣẹ́ náà: èmi, ọmọ kíláàsì mi kan tí ilé wọn wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé ní Ìlọrin, àti ọ̀gbẹ́ni kan ní Jámánì tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Nàìjíríà rí, tó sì jẹ́ pé òun ló ti ya ilé jù lọ ní agbègbè yìí kí n tó dé. N kò rí àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí sójú rí. A pín agbègbè náà sí onígun mẹ́rin kéékèèké. Ẹni tó bá mú ọ̀kan yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wà lọ́wọ́ òun, kí ẹlòmíràn má baà ya ilé kan náà lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó bá sì parí, ẹlòmíràn ni yóò yẹ iṣẹ́ náà wò. A kọ́ ọgbọ́n yìí lọ́dọ̀ àwọn tó ti ṣe é ṣáájú wa. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2010, ọgọ́ọ̀rọ̀ olùyọ̀ǹda-ara-ẹni jókòó sí ilé wọn káàkiri ayé, wọ́n sì ya títì àti ilé Port-au-Prince láti inú àwòrán sátẹ́láìtì, títí tí àwọn tó ń dóòlà ẹ̀mí fi rí máàpù tó ṣeé lò. Lẹ́yìn ìgbà náà ni pípín ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin wá di àṣà láàárín àwọn oníṣẹ́ yìí.

Òfin kan wà tí a kì í fi ṣeré: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wo Google Maps kí ó wá kọ orúkọ tó rí níbẹ̀ sínú máàpù tiwa, nítorí ohun ìní oníǹkan ni. Ohun tí a fi ojú ara wa rí, tàbí tí àwọn ará àdúgbò fi ẹnu ara wọn sọ fún wa, ni a lè kọ.

Oṣù Òkúdù

Ìgboro àtijọ́ ló le jù láti yà. Bí ènìyàn bá wò ó láti òkè, páànù tó ti dípẹtà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ilẹ̀ pupa tó wà láàárín ilé sí ilé, èyí tó mú kí ẹni tó jókòó sí ọ̀nà jíjìn máa rò pé òrùlé kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Ní ẹ̀yìn Ọjà Ọba, mo rí odindi agboolé tí ọ̀gbẹ́ni ará Jámánì yà gẹ́gẹ́ bí ilé kan gbàgìdì, kò sì sí ohun tó burú nínú ọwọ́ rẹ̀, nítorí ìlà ìta gún régé, gbogbo igun rẹ̀ sì pé. Mo mú fóònù dání, mo sì wọ inú agboolé náà lẹ́yìn tí mo kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà tán tí wọ́n sì gbà mí láàyè. Àgbàlá gbalasa ló wà láàárín rẹ̀, pẹ̀lú kànga tí wọ́n fi páànù bo ẹnu rẹ̀, okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí láti ògiri kan dé èkejì, àti ìyá kan tó ń ṣa ẹ̀wà lórí àpótí.

Ọ̀nà tí a ń gbà ya irú ilé bẹ́ẹ̀ ni pé a óò fa ìlà méjì, ọ̀kan fún ògiri ìta, èkejì fún etí àgbàlá, a óò sì so àwọn méjèèjì pọ̀ kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ pé àárín ìlà méjì náà ni ilé wà, pé àlàfo ni inú lọ́hùn-ún. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo kọ̀wé sí abẹ́ iṣẹ́ ọ̀gbẹ́ni náà, mo ṣàlàyé bí agboolé Yorùbá ṣe máa ń rí, mo sì bi í bóyá ó gbà kí n tún un ṣe. Ó dá mi lóhùn lọ́jọ́ kejì. Ó ní inú òun dùn sí i, ṣùgbọ́n báwo ni òun ó ṣe máa mọ agboolé tó ní àgbàlá yàtọ̀ sí èyí tí kò ní? Ìbéèrè yìí mú mi jókòó ti àwòrán náà fún ìgbà pípẹ́, títí mo fi rí i pé òjìji ni àmì rẹ̀: níbi tí àgbàlá bá wà, òjìji òrùlé yóò ṣú díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú, nígbà tí òrùlé gidi kì í ní irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀ láàárín. Mo kọ èyí ránṣẹ́ sí i. Ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti padà sí àwọn onígun mẹ́rin tó ti parí tẹ́lẹ̀, ó ń ṣí àgbàlá sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo rí kọ́ nípa iṣẹ́ àjọṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì wà níbí yìí. Ilé kọ̀ọ̀kan nínú máàpù yìí ló ní ìtàn tirẹ̀ lẹ́yìn: ẹni tó kọ́kọ́ yà á, ọjọ́ tó yà á, ẹni tó tún un ṣe àti ìdí tó fi tún un ṣe, bí onítọ̀hún bá kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè pa iṣẹ́ ẹlòmíràn rẹ́ láìtọrọ àyè. Àlàyé tí a kọ sílẹ̀ nìkan ló ń mú kí iṣẹ́ àwọn àjèjì lè dúró, nítorí ẹni tí kò gbọ́ ohùn rẹ tí kò sì rí ojú rẹ kò ní ohun mìíràn tí yóò fi mọ̀ pé o kò fi í wọ́lẹ̀. Èmi kì í sì í fẹ́ràn àwọn tó máa ń kọ “àtúnṣe” ṣoṣo sí ibi àlàyé. Ta ni kò mọ̀ pé àtúnṣe ni?

Ti ọ̀wọ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀. Orúkọ ìnagijẹ ni gbogbo wa ń lò, kò sì sí bí mo ṣe lè mọ̀ bóyá àgbà ni ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ tàbí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo ti pinnu pé “ẹ” ni n ó máa fi bá gbogbo ẹni tó bá kọ Yorùbá sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà ní Ìlọrin náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwa méjèèjì ń “ẹ kú iṣẹ́” ara wa, kí ó tó hàn sí i nínú ọ̀rọ̀ mi pé mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́; láti ọjọ́ náà ni mo ti di “àbúrò,” tí òun sì di “ẹ̀gbọ́n.”

Oṣù Agẹmọ

Orúkọ ni a gbájú mọ́ nínú oṣù yìí. Sátẹ́láìtì kò lè rí orúkọ, nítorí náà ẹsẹ̀ la fi ṣe iṣẹ́ náà, pẹ̀lú StreetComplete, ohun èlò orí fóònù tó máa ń béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ń rìn kọjá: ǹjẹ́ wọ́n da ọ̀dà sí ọ̀nà yìí, àjà mélòó ni ilé yìí ní, kí ni orúkọ òpópónà yìí? Bí a bá ti fi dátà gba agbègbè náà sórí fóònù láti ilé, a lè dáhùn láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, a ó sì fi ìdáhùn ránṣẹ́ nígbà tí a bá padà. Èyí ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí òjò ń rọ̀, iná kò sì dúró sójú kan.

Níbi tí pátákó orúkọ bá wà, ohun tó wà lára pátákó ni a kọ, a sì fi orúkọ náà pẹ̀lú àmì ohùn sí àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Yorùbá. Níbi tí kò bá sí pátákó, a bi àwọn ọlọ́kadà, àwọn tó ń ta nǹkan lẹ́bàá ọ̀nà, àti àwọn òbí ẹgbẹ́ wa. Ẹgbẹ́ WhatsApp kíláàsì wa wúlò fún irú ìbéèrè yìí, nítorí ẹni kan yóò bi bàbá rẹ̀, ìdáhùn yóò sì dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Fún ìpinnu, kò wúlò rárá: ohun tí a bá fẹnu kò sí lówùúrọ̀ yóò ti rì sábẹ́ àdúrà ọjọ́ tuntun àti ìpolówó aṣọ kí ó tó di ìrọ̀lẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ gbogbo ìpinnu sí abẹ́ iṣẹ́ náà gan-an.

Wọ́n máa ń ka iye àtúnṣe tí oníkálukú ṣe, ó sì máa ń hàn sí gbogbo ayé. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọ̀gbẹ́ni ará Jámánì ló ta gbogbo wa yọ, kò sì lè yà mí lẹ́nu, nítorí iná àti íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé pé orúkọ òpópónà kan láti ẹnu ará ìlú ju ọgọ́rùn-ún òrùlé tí òun yà lọ. Èmi kò gbà pátápátá: bí òrùlé náà kò bá sí níbẹ̀, n kò ní mọ ibi tí n ó gbé orúkọ náà lé.

Oṣù Ògún

Ọdún Ọ̀ṣun dé, ojú àwọn tí ń ya máàpù sì yí sí Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi kún àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005, tó sì fẹ̀ tó hẹ́kítà 75. Àwọn ère ńlá tí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria tí a tún ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, tó di olóògbé ní ọdún 2009, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú wa mọ síbẹ̀ ti ní àmì tiwọn, nítorí gbogbo àlejò ló ń rí wọn. Ẹnìkan tí a kò mọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sí àwọn ojúbọ tó jìnnà sí ọ̀nà àlejò, láti inú fọ́tò tó rí níbòmíràn. Èmi àti ọmọ kíláàsì mi lọ bi ìyá àgbà rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìyá ní, “Ibi tí wọ́n ń mú àlejò dé, ẹ kọ ọ́. Ibi tí wọn kì í mú àlejò dé, kí lẹ fẹ́ fi máàpù ibẹ̀ ṣe?”

N kò retí pé òfin OpenStreetMap yóò gbè wá lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlànà wọn ni pé ohun tí ẹlòmíràn lè lọ wò kí ó sì jẹ́rìí sí ni kí a yà, ibi tí àlejò kì í dé kò sì ní ẹlẹ́rìí láti òde. Mo kọ ọ̀rọ̀ ìyá sílẹ̀, mo fi ìlànà náà tì í, ẹ̀gbọ́n láti Ìlọrin sì fi ọwọ́ sí i. Ẹni náà fúnra rẹ̀ ló yọ àwọn àmì náà kúrò, ó sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kedere.

Ibi tí iṣẹ́ dé nìyí: ẹ̀yìn Ọjà Ọba ti parí, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ku orúkọ díẹ̀, Òkè-Baálẹ̀ sì ṣì wà nílẹ̀, nítorí àwòrán sátẹ́láìtì ibẹ̀ yẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, a ó sì ní láti fi GPS rin àwọn ọ̀nà rẹ̀ kí a tó ya ilé kankan. Òpópónà kan nítòsí ọjà ní orúkọ méjì, nítorí àwọn ará òkè rẹ̀ ń pè é ní ọ̀kan, àwọn ará ìsàlẹ̀ ń pè é ní òmíràn. Mo ti kọ méjèèjì sínú àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún orúkọ mìíràn, mo fi àyè orúkọ gan-an sílẹ̀ lófìfo, mo sì kọ ìdí rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.