Bákónì Ọkọ̀ Alaska: Ẹ Wo Òkè Orí Yín Kẹ́ ẹ Tó Béèrè Ọ̀tún Tàbí Òsì

Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo òkè yìnyín ní Alaska, ìbéèrè kan náà ló máa ń ti ẹnu wọn jáde: ṣé ọwọ́ ọ̀tún ni kí n gba yàrá sí ni, àbí ọwọ́ òsì? Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Ohun tó ń ba adùn ìrìnàjò yìí jẹ́ ni ohun tó wà lókè yàrá, ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àti ohun tó dúró gbagidi síwájú bákónì. Ó máa ń dùn mí pé èèyàn á san owó bákónì tán pátápátá, á dé inú ọkọ̀, á ṣí ilẹ̀kùn, òrùlé ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà ló máa gba ojú ẹ̀ kan.

Ẹ jẹ́ ká tètè yanjú ti ọ̀tún àti òsì. Bí ọkọ̀ bá gbéra ní Vancouver, ní Kánádà, tó ń lọ já èrò sí Whittier tàbí Seward ní Alaska, ọwọ́ ọ̀tún ni ilẹ̀ wà fún ẹni tó kọjú síwájú ọkọ̀. Bó bá jẹ́ láti òkè, ní àríwá, wá sí Vancouver ni, ọwọ́ òsì ni. Ìyàtọ̀ yìí hàn jù lọ ní Gulf of Alaska, níbi tí apá kejì ti jẹ́ agbami lásán. Ní Inside Passage, ọ̀nà omi tó gba àárín àwọn erékùṣù etíkun, igi àti òkè wà lọ́tùn-ún lósì. Bó bá sì jẹ́ àlọ àtàbọ̀ ni, ẹ má da ara yín láàmú, torí apá tó kọjú sí ilẹ̀ lálọ ló máa kọjú sí agbami lábọ̀. Ohun tí mo máa wò dípò ìyẹn ni ibi tí ọkọ̀ ti gbéra. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ti Seattle lọ máa ń gba ẹ̀yìn Vancouver Island, lórí òkun gbalasa, nígbà tí ti Vancouver sábà máa ń gba àárín erékùṣù náà àti ilẹ̀, níbi tí omi ti rọ̀ jù. Ẹni tí òòyì òkun máa ń mú, tó sì fẹ́ gbéra ní Seattle, kó yáa wá yàrá sí àárín gbùngbùn ọkọ̀, ní àjà ìsàlẹ̀ (àjà ni ìpele kọ̀ọ̀kan nínú ọkọ̀). Bí ọkọ̀ bá ń fì, ibẹ̀ ló ń fì kéré jù.

Ohun kan tí wọn kì í sọ ni ti oòrùn. Ọkọ̀ tó ń lọ sókè, oòrùn òwúrọ̀ ń bọ́ sí ọ̀tún, ti ìrọ̀lẹ́ ń bọ́ sí òsì. Nínú oṣù kẹfà, ìrọ̀lẹ́ Alaska gùn gan-an ni. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó sí bákónì lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ kó mọ èyí tí yóò mú.

Ní Glacier Bay fúnra rẹ̀, ọgbà ìjọba tó kún fún òkè yìnyín, kò sídìí fún ìjà ọ̀tún-òsì rárá. Ọkọ̀ ńlá méjì péré ni wọ́n ń gbà láàyè níbẹ̀ lójúmọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ìjọba á wọlé, wọn á máa ṣàlàyé látorí gbohùngbohùn, ọkọ̀ á sì rìn títí dé ìparí Tarr Inlet, níwájú Margerie Glacier. Ògiri yìnyín náà fẹ̀ tó máìlì kan, ó sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 250 sókè omi. Níbẹ̀ ni ọ̀gá ọkọ̀ á ti dá ẹ́ńjìnì lẹ́kun, á sì rọra yí ọkọ̀ lójú kan, kí apá méjèèjì lè rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní Hubbard Glacier. Bí ti yín ò bá tíì kàn, ẹ ní sùúrù, ó ń bọ̀.

Àmọ́ ẹ má ti ilẹ̀kùn jókòó sínú yàrá kẹ́ ẹ máa retí ariwo o. Àwọn Tlingit, tí ilẹ̀ wọn nìyẹn, ń pe dídún yìnyín náà ní àrá funfun, ìró ọ̀hún sì máa ń pẹ́ kó tó dé etí ju ìríran lọ. Bí ọkọ̀ bá wà ní irínwó mítà sí ògiri náà, ó máa lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan kí ìró tó dé ọ̀dọ̀ yín. Kí ẹni tó wà nínú yàrá tó dìde, kó tó fa ilẹ̀kùn, omi tó ń ru gùdù nìkan ló máa bá. Ẹ máa ṣọ́ ibi tí wóróbo yìnyín ti ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni èyí tó tóbi ti sábà máa ń tẹ̀ lé e.

Ó wá ku ti òkè orí. Àjà tó wà lábẹ́ ibi ìlúwẹ̀ẹ́ àti ilé oúnjẹ ńlá máa ń wu èèyàn torí pé ó ga, wọ́n sì máa ń gba owó gọbọi lé e. Èmi ò ní san owó yẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ á ti máa wọ́ àga lórí pákó, kẹ̀kẹ́ abọ́ á máa yí gbirigbiri, gbogbo ẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì yín. Ariwo ọ̀hún kọ́ ló tún burú jù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àjà òkè yẹn yọ síta ju yàrá ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, ó sì bo bákónì bí ìbòrí ilé. Ẹ máa rí omi, ẹ máa rí ìdí òkè, ṣùgbọ́n orí òkè tí yìnyín bò, tí ẹ torí ẹ̀ wá, ìbòrí yẹn á gé e kúrò. Yàrá tó dára ni èyí tí yàrá bíi tirẹ̀ wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyí. Ẹ ṣí àwòrán àjà tẹ́ ẹ fẹ́ àti ti àjà tó wà lórí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ ka iye yàrá tó wà láàárín ẹ̀rọ agbéniròkè àti yàrá yín, kẹ́ ẹ wá ka iye kan náà lórí àwòrán kejì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti ìsàlẹ̀ náà, torí gbọ̀ngàn eré àti ilé ijó ń rán ìlù gòkè títí òru. Bẹ́ ẹ bá rí ojú funfun tí wọn ò kọ nǹkan kan sí, ẹ má rò pé òfìfo ni. Ó lè jẹ́ ilé ìdáná, ó lè jẹ́ ọ̀nà àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ tún wo àmì ilẹ̀kùn tó so yàrá méjì pọ̀, torí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí ohùn aládùúgbò wọlé.

Ti ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà, mo ya méjì sọ́tọ̀. Bí òrùlé rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ bákónì yín, ẹ ṣì máa rí òkè àti yìnyín dáadáa. Àbùùbùtán tó bá sún mọ́ ara ọkọ̀ nìkan lẹ máa pàdánù. Bí wọ́n bá dín owó kù fún un, ọjà gidi ni. Èyí tó bá dúró sí ọ̀gangan ojú, ẹ fi sílẹ̀ bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ẹ wo iwájú bákónì náà: àwọn àjà ìsàlẹ̀ nínú ọkọ̀ mìíràn, irin ló dí i dípò gíláàsì. Lójú òtútù, ìjókòó nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì là ń ṣe, ẹni tó bá sì jókòó sẹ́yìn irin, irin ló ń wò. Ẹ má fojú kéré òrùlé orí bákónì fúnra rẹ̀ o, torí òjò. Ketchikan tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń dúró sí, òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún ju mítà 3 lọ.

Yàrá iwájú pátápátá ń mì jù lójú ìgbì. Bí ọkọ̀ bá ń sá ní nọ́ọ̀tì 18, afẹ́fẹ́ kìlómítà 33 ní wákàtí kan ń kọlu bákónì náà, kódà bí atẹ́gùn kankan ò bá fẹ́. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ fa kọ́tìnnì lálẹ́ kí iná yín má baà dí awakọ̀ lójú. Lówùúrọ̀ tí wọ́n bá ń ju ìdákọ̀ró, ṣéènì ẹ̀ á jí yín. Yàrá ẹ̀yìn pátápátá ń gbọ̀n rìrì, èéfín lè da èérí dúdú sórí àga, ìrìn ibẹ̀ sì jìn. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ò dé ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń rí Margerie pẹ́ jù bí ọkọ̀ bá ń kúrò.

Èyí tí ọkàn mi yàn láàyò ni ibi tí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ti wú síta ní àárín. Níbẹ̀, bákónì díẹ̀ dagun, wọ́n ń rí ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ mú àwọn tó dagun sí apá ẹ̀yìn, torí ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ á máa gba afẹ́fẹ́ fún yín.

Ẹni tó ń lọ sí Nọ́wè, ọ̀rọ̀ ìbòrí yẹn tún le sí i. Ní Geirangerfjord, omi òkun tóóró tó wọ àárín òkè, àpáta sún mọ́ ọkọ̀ débi pé ẹni tí kò lè gbójú sókè ò rí nǹkan kan. Ìtàkìtì omi Seven Sisters wà lósì bí ẹ bá ń wọlé, ọ̀tún bí ẹ bá ń jáde.

Ibi tí inú ń bí mi sí ni owó ẹ̀dínwó tí ilé iṣẹ́ á ti ní àwọn ló máa yan yàrá fúnni. Ohun tí wọ́n ń dín kì í pọ̀, gbogbo ibi tí mo kà sílẹ̀ yìí ni wọ́n sì lè jù yín sí. Fún ìrìnàjò etíkun gbígbóná, ẹ lè gbà á. Fún Alaska, rárá. Bí ejẹ́ǹtì bá ní gbogbo bákónì ọgba ni, ẹ ní kó fi nọ́ńbà yàrá ránṣẹ́ sí yín, kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́.

Nínú ọkọ̀, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn yàrá àti ti bákónì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Afẹ́fẹ́ á já èyí tó wúwo gbà lọ́wọ́ yín, ìka ọwọ́ sì wà níbẹ̀. Kámẹ́rà tó bá ti inú tútù padà wọlé máa láàágùn, kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé, ẹ fi sínú báàgì tẹ́ ẹ dé pa fún bí ìdajì wákàtí. Awò onígò méjì 8x42, èyí tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 8, tó. Èyí tó bá ju ìlọ́po 10 lọ, gbígbọ̀n ọkọ̀ kò ní jẹ́ kó dúró lójú kan. Ẹ sì tún àwòrán àjà wò lẹ́yìn ọjọ́ tí àwọn èrò gbọ́dọ̀ san owó wọn tán, torí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fagi lé ìrìnàjò wọn nígbà yẹn, àwọn yàrá àárín á sì ṣí sílẹ̀.