Ìlà Pupa Mẹ́ta Lára Páìpù Kan

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra láti lọ wọn ilẹ̀ dídì, ìyẹn ilẹ̀ abẹ́lẹ̀ tó máa ń dì gbagidi láti ọdún dé ọdún, ní àríwá Alaska lọ́dún yìí, ó pé ọdún mẹ́wàá tí èmi náà kọ́kọ́ dé Utqiaġvik, ìlú tí wọ́n ń pè ní Barrow tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n mo ka àbọ̀ iṣẹ́ tí méjì nínú yín fi ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ara mi ò sì balẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n yára sọ méjì ná.

Èkíní, ẹ má fojú kéré sínóò. Aṣọ ìbora ni fún ilẹ̀. Ibi tó bá ti ga, òtútù kì í ráyè wọlẹ̀ dáadáa, ilẹ̀ ibẹ̀ a sì máa móoru ju ibi tí atẹ́gùn ti gbá sínóò kúrò. Ẹni tó bá fi ooru afẹ́fẹ́ nìkan ṣàlàyé ooru ilẹ̀, àbọ̀ iṣẹ́ ló ṣe.

Èkejì, ìparí oṣù Kẹjọ ni kí ẹ wọn bí ilẹ̀ ṣe yọ́ jìn tó. Ìgbà yẹn ni ìpele òkè tó ń yọ́ lọ́dọọdún máa ń jìn jù.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ mi gan-an.

Iṣẹ́ mi kò le lójú nígbà náà. A pín ilẹ̀ kan sí ojúko 121, bí wọ́n ti ń ṣe é nínú CALM, ètò àgbáyé tó ń tọpa ìpele òkè tó ń yọ́ yẹn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Ní ojúko kọ̀ọ̀kan, mo máa ń fi ọ̀pá irin gún ilẹ̀ títí yóò fi kan ibi líle, ìyẹn ilẹ̀ dídì, tí yóò dún kọ̀. Màá fi ìka di ibi tí ojú ilẹ̀ dé lára ọ̀pá, màá fà á yọ, màá kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọdún kan sí èkejì kò tó ìdajì ìka. Mo wá kọ ọ́ gàdàgbà pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò tíì yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 1979, Arctic ti ń móoru ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ayé lápapọ̀.

Páìpù irin kan wà ní igun ilẹ̀ náà. Àwọn tó ṣáájú wa ló rì í mọ́lẹ̀, ó jìn kọjá ìpele tó ń yọ́, ó wọ inú ilẹ̀ dídì lọ. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí i lára níbi tó ti wọlẹ̀. Lọ́dún kejì, ìlà yẹn ti fi ìka méjì ga ju ilẹ̀ lọ. Mo ní yìnyín ló ti páìpù sókè, torí yìnyín a máa ti òpó tí kò jìn jáde nínú ilẹ̀. Mo fa ìlà tuntun. Lọ́dún kẹta, mo tún fa òmíràn. Ojú ọ̀nà tí a ń fẹsẹ̀ gbígbẹ rìn tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí omi ń wọ bàtà òjò mi, ìkùnsínú nìkan ni mo fi dá a lóhùn.

Ní ìpàdé kan, èmi fúnra mi ni mo gbé àwòrán páìpù náà sójú pátákó, nítorí oòrùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rẹwà. Ìyá àgbà kan dìde lẹ́yìn: "Ìlà mẹ́ta yẹn ńkọ́?" Mo ní yìnyín ló ń ti páìpù sókè. Ó béèrè bí páìpù ṣe jìn tó. Mo sọ fún un. Ó jókòó, kò sọ nǹkan kan mọ́. Ojú pátákó yẹn ni mo wà tó fi yé mi pé páìpù ò kúrò níbi tó wà. Ilẹ̀ ló ń rì.

Inú ilẹ̀ yẹn kún fún yìnyín, àwọn mìíràn fẹ̀ lókè, wọ́n ṣóńṣó nísàlẹ̀. Bí òkè ilẹ̀ dídì bá yọ́, omi rẹ̀ a ṣàn lọ, ilẹ̀ tó wà lókè a sì jókòó sínú àlàfo náà. Ojú ilẹ̀ àti ilẹ̀ dídì jọ ń lọ sísàlẹ̀ bí ẹni méjì tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ kan náà. Àlàfo àárín wọn nìkan ni ọ̀pá mi ń wọ̀n.

Ọ̀gá mi ti rí àwòrán yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí ìpàdé tó dé. Ó mọ̀. Ó ní òun fẹ́ kí n fúnra mi rí i. Mi ò tíì dárí jì í tán, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí mo fi ń sọ fún yín láìdúró de ìpàdé kankan: "ilẹ̀ kò yí padà" tí ẹ kọ sí ojú ìwé kẹrin yẹn, ẹ pa á rẹ́. Ẹ kò wọn gíga ojú ilẹ̀ rárá. Ẹ yá ẹ̀rọ GPS tó ń ka gíga dé sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ sì fi ohun tó fìdí múlẹ̀ sínú ilẹ̀ dídì ṣe ìpìlẹ̀ ìwọ̀n yín. Kábọ́ọ̀nù tó wà nínú ilẹ̀ dídì ti àríwá ayé tó nǹkan bíi bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 1,500, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́. Ẹni tó ń ṣírò èyí tó máa jáde gbára lé nọ́ńbà tiwa. Bí a bá ní kò sí ohun tó yọ́, ohun tó máa kọ nìyẹn.

Mo padà síbẹ̀ lóṣù Kẹjọ tó kọjá. Ọ̀dà ti ń ṣí, ṣùgbọ́n ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì hàn, ìlà àkọ́kọ́ sì ti ga ju ilẹ̀ lọ ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi méjì. Mo wọn ún, mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi. Kò tíì fèsì.