Bàbá Onídà Tó Ń Ta Iṣẹ́ Ọwọ́ Ẹlẹ́wọ̀n

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rí ní Sátidé tó kọjá, torí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló ní ká jọ lọ wo àwòrán tí wọ́n fẹ́ tà láti fi kówó jọ fẹ́gbẹ́ aláàánú, ní kaúntì tá à ń gbé ní England níbí. Èmi rò pé òdòdó àti ẹṣin ni màá rí. Àfi bí mo ṣe wọlé tí mo rí bàbá kan nínú ẹ̀wù àrán dúdú, léèsì funfun lọ́rùn, ṣòkòtò wọn ò kọjá orúnkún, ìdà ń bẹ níbàdí wọn, wọ́n ń bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́. High Sheriff, aṣojú ọba ní kaúntì wa, nìyẹn.

Oyè yẹn ti lé ní 1,000 ọdún o. Láyé àtijọ́ àwọn ni ọwọ́ ọba ní kaúntì, àwọn ló ń gba owó orí, àwọn ló ń mú ọ̀daràn, tí adájọ́ bá sì dájọ́ ikú, àwọn ló máa rí i pé wọ́n yẹgi fún onítọ̀hún. Ọdún 1965 ni wọ́n tó fagi lé ìyẹn fẹ́ni tó bá pààyàn. Ní báyìí ọba á fi abẹ́rẹ́ ńlá gún ìwé awọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn, wọ́n á gba oyè lóṣù kẹrin, ọdún kan péré, kò sówó oṣù, àpò ara wọn ni wọ́n ń ná. Agbára ti lọ, àpọ́nlé ló kù, wọ́n sì ń fi ti àwọn adájọ́, ọlọ́pàá, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtàwọn ẹgbẹ́ aláàánú lẹ́yìn.

Ohun tó mú mi lọ́kàn nìyẹn. Oyè tó ń gbé okùn sọ́rùn èèyàn nígbà kan, ẹni tó wà lórí ẹ̀ lónìí ló fọwọ́ méjèèjì gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí ẹlẹ́wọ̀n fi igi ìṣáná kọ́, tí wọ́n ń fi han àwọn ọmọdé. Mo sún mọ́ ọn. Ẹlẹ́wọ̀n náà ti gé orí ìṣáná yẹn kúrò níkọ̀ọ̀kan, ó tò ó bíi pákó, àtẹ̀gùn kan wà níbẹ̀ tí kò ju èékánná mi lọ, gúlúù sì yọ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bíi pé ọwọ́ ẹ̀ gbọ̀n níbẹ̀. Kò sórúkọ lára ẹ̀.

Obìnrin kan tó dúró tì mí ní wọ́n ti fọ́lé òun rí, pé kí ló dé tóun á fi náwó lé olè lórí. Mi ò bá a jiyàn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ wọ̀ mí lára, ṣebí a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n Koestler Arts, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń bá àwọn ẹlẹ́wọ̀n ta iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ti rò ó dáadáa. Arthur Koestler, òǹkọ̀wé tó dá a sílẹ̀ ní 1962, òun fúnra ẹ̀ ti jókòó sẹ́wọ̀n ní Spain nígbà ogun abẹ́lé wọn, wọ́n ti dájọ́ ikú fún un kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Tí wọ́n bá ta iṣẹ́ ẹlẹ́wọ̀n, ìdajì owó ń lọ sọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, wọ́n á pín ìyókù láàrin Koestler àti Victim Support, tó ń ran àwọn tí ọ̀daràn ṣe níbi lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n jà lólè náà ní ìpín níbẹ̀, lójú tèmi ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ ìdájọ́ òdodo.

Ẹ má sì sọ pé ẹ̀wù àrán yẹn ò wúlò. Ká ní ẹlòmíì ló gbé ọkọ̀ yẹn dání, ta ló máa dúró wò ó?

Ẹlòmíì ti ra ọkọ̀ náà kí n tó mówó jáde, ó dùn mí gan-an. Wọ́n wá ní a lè kọ káàdì sí ẹni tó ṣe é. Mo kọ ọ́ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mo rí àtẹ̀gùn tẹ́ ẹ ṣe, òun ló dáa jù lójú mi." Bàbá gba káàdì náà lọ́wọ́ mi, wọ́n kà á, wọ́n sì rọra fi í sápò ẹ̀wù àrán wọn.