Mo ka omi, n ò rí ìyá

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sí wọ́ọ̀dù, ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo kọ́ pé ìpọkànpọ̀ yàtọ̀ sí wíwà níbẹ̀ pẹ̀lú aláìsàn, lára ìyá àgbà kan tí a ń fa omi sí lára. Lítà kan, wákàtí 8. Ẹ mọ ìṣirò rẹ̀: ẹ̀kán 20 ló ń pé mìlílítà kan nínú okùn dírípù tí a lò, nítorí náà ẹ̀kán 42 ló yẹ kó máa kán ní ìṣẹ́jú kan. Mo gbé aago sójú, mo ń kà, mo ń tún un ṣe, títí ó fi pé 42 géérégé. Inú mi dùn. Àfi bí ọmọ ìyá náà ṣe ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ má, ọwọ́ màmá mà ti wú."

Kánúlà, ọ̀pá tín-ín-rín tí omi ń gbà wọ ara, ti yọ kúrò nínú iṣan. Ìṣirò mi ò yẹ̀, ṣùgbọ́n inú ẹran ara lomi ń lọ. Ìyá ti fajú ro tipẹ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo dúró sí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, n ò ní kí ẹ má pọkàn pọ̀. Bí ẹ bá ń ṣírò oògùn ọmọdé, tí ẹnikẹ́ni kí yín, kó dúró ná. Bí àmì inú 0.5 bá fò yín, ó ti di 5 nìyẹn. Àmọ́ ìpọkànpọ̀ a máa tilẹ̀kùn mọ́ nǹkan yòókù. Lọ́dún 1999, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì, Daniel Simons àti Christopher Chabris, tẹ ìwádìí kan jáde: wọ́n ní káwọn èèyàn ka iye ìgbà tí àwọn tó wà nínú fídíò kan ju bọ́ọ̀lù síra wọn. Ẹnì kan wọ aṣọ ìnàkí, ó gba àárín àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù náà kọjá. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń kà ni ò rí i. Mo rẹ́rìn-ín wọn, kí n tó rántí ìyá.

Wíwà níbẹ̀ ní tirẹ̀ kò lé nǹkan kan. Ojú, etí àti imú kàn ṣí sílẹ̀ ni: bó ṣe ń mí, bóyá aláwàdà àná ti dákẹ́ lónìí. Ìgbà tí mo bá ń fi sánítáísà pawọ́ láàárín bẹ́ẹ̀dì méjì ni mo fi ń kọ́ ọ, ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30. Mo máa ń jẹ́ kí títutù rẹ̀ yé mi lọ́wọ́. Bí ọkàn bá sá lọ, mo dá a padà láìbá a jà. Lẹ́yìn náà, ojú aláìsàn ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó wo omi.

Ilé ló le jù. Ọmọ mi ń ròyìn iléèwé fún mi níjọ́sí, mò ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ò gbọ́ mi." Gbogbo ohun tó sọ ni mo tún sọ fún un, ọ̀rọ̀ kan ò sì yẹ̀.